Alágbàṣe Ni Mo Pè É

Àwa tí a ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wẹ́fíà bí wọ́n ṣe ń dá ọmọ tí wọ́n fi ṣòwò mọ̀, àṣìṣe ẹlòmíràn ló máa ń dùn ún sọ lẹ́nu wa. A ó sọ ti ọlọ́pàá tó dá ọmọ padà fún ẹni tó kó o wá, a ó sọ ti tíṣà tó rí i tó sì gbójú kúrò. Tèmi ni mo fẹ́ sọ lónìí. Inú gbọ̀ngàn kan ní Igangan ni mo ti ṣe é, gbohùngbohùn wà lọ́wọ́ mi, àwọn èèyàn sì pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ọdún tó tẹ̀lé ìkọlù Oṣù Kẹfà 2021 ni, ìyẹn ìkọlù tí wọ́n fi dáná sun ààfin Aṣígangan, ọba ìlú wa, tí ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì bá a lọ. Ara ìlú ò tíì balẹ̀. Àjọ tí mo ń bá ṣiṣẹ́ n'Ìbàdàn rówó gbà láti dá àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́kọ̀ọ́ káàkiri Ìbàràpá, wọ́n sì ní kí èmi lọ torí pé ọmọ Igangan ni mí. Àwọn òṣìṣẹ́ wẹ́fíà wá, àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí wá, tíṣà, ìyálọ́jà, ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn, àti àwọn tó máa ń gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára kiri abà. Igangan, Ayétẹ̀ àti Tápà ni púpọ̀ nínú wọn ti wá, àwọn kan sì tún ti Ìdèrè wá.

Ìwé tí mo kó wá fún wọn, ìpínlẹ̀ Ẹdó ni wọ́n ṣe é fún. Ọmọbìnrin tó ń sunkún ló wà lójú ìwé àkọ́kọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni aṣálẹ̀ Líbíà, òkun, Ítálì, ìbúra lójúbọ, àti bí Ọba Bìní, Ewuare Kejì, ṣe tú àwọn ìbúra náà ká ní Oṣù Kẹta 2018. Mo fi ti Lebanon kún un, bí ọkùnrin kan ní ọ̀hún ṣe gbé àwòrán obìnrin Nàìjíríà kan sórí Facebook ní Oṣù Kẹrin 2020, tó ní 1,000 dọ́là ni òun fẹ́ tà á. Òótọ́ pọ́ńbélé ni gbogbo rẹ̀. Àwọn èèyàn mi ń mi orí, wọ́n ń ṣe “háà,” wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sí ohun tó rọrùn bíi kí èèyàn máa káàánú ọmọ tó wà ní Ítálì.

Nígbà tí oúnjẹ ọ̀sán ku díẹ̀ kó dé, nọ́ọ̀sì kan dìde lẹ́yìn. Ilé ìwòsàn kékeré kan lọ́nà oko ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, àwọn ọmọ Kútọnu àti ti Tógò tó ń kọ ebè lóko wa ńkọ́? Àwọn tí ọ̀gá wọn máa ń kó wá tójò bá ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé àwọn náà wà nínú èyí tí ẹ ń sọ?”

Gbọ̀ngàn hó díẹ̀. Bàbá kan níwájú rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Rárá o. Alágbàṣe nìyẹn. Àwọn ló wáṣẹ́ wá, wọ́n á ṣe é tán, wọ́n á gbowó wọn, wọ́n á lọ. Ẹ má jẹ́ ká da ọ̀rọ̀ àwọn àgbẹ̀ wa pọ̀ mọ́ ti àwọn tó ń ta èèyàn.” Ibẹ̀ ni wọ́n ti pàtẹ́wọ́. Nọ́ọ̀sì náà jókòó, ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.

Kì í ṣe pé mi ò mọ òfin. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo kà á sí wọn létí. Àdéhùn Palermo tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ní ọdún 2000 sọ pé ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni. Tí ẹnikẹ́ni bá gbà á, tó gbé e kúrò níbi kan, tàbí tó fi í pamọ́ kó lè jẹ èrè lára rẹ̀, òwò ọmọ nìyẹn, ì báà jẹ́ pé kò nà án, kò purọ́ fún un, kò sì dè é lókùn. Bí ọmọ ní òun fẹ́, kò yí i padà. Bí bàbá rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà á lé wọn lọ́wọ́, kò yí i padà. Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn yìí, òfin tó dá NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti òwò èèyàn, sílẹ̀ jáde ní 2003, wọ́n tún un ṣe ní 2015. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti wà láti 2006. Gbogbo èyí wà lẹ́nu mi bí orin.

Kì í sì í ṣe pé mi ò gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lágbègbè wa. Ọmọ Yorùbá wo ló wà láyé ní Oṣù Kẹrin 2001 tí kò gbọ́ nípa ọkọ̀ ojú omi Etireno, tó kó àwọn ọmọ kúrò ní Kútọnu lọ sí Gàbọ́n, tí wọ́n lé e níbẹ̀ tó sì padà wá gúnlẹ̀ sí Kútọnu? Ní 2003, ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta l'Abẹ́òkúta ni wọ́n ti kó àwọn ọmọ tó lé ní ọgọ́rùn-ún padà sí orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Agbègbè Za-Kpota ni púpọ̀ nínú wọn ti wá, àwọn míì ò sì tíì tó ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Abẹ́òkúta tí àwọn ìyá wa ń kó gààrí lọ tà ni o. Ọdún 2003 yẹn kan náà ni àjọ Human Rights Watch gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ Tógò. Ó wà nínú rẹ̀ pé wọ́n ń kó àwọn ọmọkùnrin wá sí oko ní Nàìjíríà. Wọ́n á ṣiṣẹ́ fún oṣù púpọ̀, nígbà míì títí di ọdún méjì, ọ̀gá á wá fún wọn ní kẹ̀kẹ́ ológeere dípò owó, á ní kí wọ́n máa wà á lọ sílé. Kí wọ́n wa kẹ̀kẹ́ láti ilẹ̀ wa dé Tógò! Àwọn kan pàdé olè lójú ọ̀nà.

Ibi kẹ̀kẹ́ yẹn ni mo ti pa ìwé náà dé nígbà tí mo ń kà á ní ọ́fíìsì. Mo ní iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀.

Bàbá mi ra kẹ̀kẹ́ kan bẹ́ẹ̀. Mo wà ní kíláàsì kẹrin ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọkùnrin kan mú ọmọkùnrin kan dé láti Tógò, òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ ni. Ọkùnrin náà gbowó lọ́wọ́ bàbá mi ní pálọ̀, ó mu omi, ó lọ. Ọmọ náà dúró. Ó lè fi ọdún kan tàbí méjì jù mí lọ. Tí a bá jí, èmi á gbé báàgì, òun á gbé ọkọ́. Ẹ̀gúsí àti ẹ̀gẹ́ wa lọ́dún yẹn àti èyí tó tẹ̀lé e, òun ló kọ ebè rẹ̀. Bàbá mi kì í ṣe ìkà èèyàn. Ó máa ń sọ fún wa pé bí a ṣe bí ẹrú la ṣe bí ọmọ, ìyá mi ò sì gbọ́dọ̀ fi ẹran dù ú. Nígbà tí àkókò rẹ̀ pé, bàbá mi ra Raleigh fún un, ó so rédíò kékeré kan mọ́ ọwọ́ rẹ̀, gbogbo ilé sin ín dé ẹ̀yìn odi. Àwọn aládùúgbò yin bàbá mi. Wọ́n ní àwọn míì ì bá lé e lọ lọ́wọ́ òfo.

Mi ò mọ̀ bóyá ó délé. Kò sẹ́ni tó béèrè.

Bàbá tó rẹ́rìn-ín níwájú gbọ̀ngàn yẹn, ọ̀rẹ́ bàbá mi ni. Ó ti jẹ iyán nílé wa, ọmọ Tógò yẹn ló sì bu omi ìfọwọ́ fún un. Tí mo bá dá nọ́ọ̀sì lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, bàbá mi tó ti sùn ni mo ń nawọ́ sí lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ohun tó wà nínú “Rárá o” mi nìyẹn. Mo fi òfin bo ilé bàbá mi.

Ẹnu nọ́ọ̀sì náà ni mo ti wá gbọ́ ìyókù, lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

Ọkùnrin kan gbé ọmọ kan wá sí ilé ìwòsàn nọ́ọ̀sì náà lórí ọ̀kadà. Àdá ló ṣá a lẹ́sẹ̀, láàárín àtàǹpàkò àti ọrùn ẹsẹ̀, wọ́n sì ti fi ewé àti kẹrosíìnì sí i. Ọkùnrin náà ní àbúrò òun ni, ó ti pé ọdún 18. Ọmọ tí irun ò tíì hù létè rẹ̀. Gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì bi ọmọ, ọkùnrin náà ló ń dáhùn, ó ní kò gbọ́ èdè. Irọ́ ni. Ara àwọn Ifẹ̀ tó wà ní Atakpamé ní Tógò ni ọmọ náà, èdè wọn sì sún mọ́ tiwa débi pé nígbà tó ń ráhùn bí wọ́n ṣe ń fọ egbò náà, nọ́ọ̀sì gbọ́ ìdajì rẹ̀. Ó gbọ́ pé ó ń dárúkọ ìyá rẹ̀. Ó gbọ́ pé ó ń bẹ ọkùnrin náà kó má bínú pé iṣẹ́ dúró.

Nọ́ọ̀sì náà sọ fún mi pé òun dúró díẹ̀, òun wọ yàrá, òun yọ ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ jáde nínú báàgì. Ẹlòmíràn ń sọ̀rọ̀ fún un: ó wà níbẹ̀. Kò mọ iye owó tí wọ́n máa san fún un: ó wà níbẹ̀. Ó ń bẹ̀rù ẹni tó mú un wá: ó wà níbẹ̀. Ó yí ojú ìwé, ó bá ìbéèrè òun fúnra rẹ̀ àti ìdáhùn tí mo fún un. Ó ti fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ó dá ìwé padà sínú báàgì. Ó fún ọmọ náà ní abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, ó di egbò náà, ó ní kí wọ́n máa padà wá. Wọ́n wá lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, wọn ò wá mọ́. Àkókò tí òjò ń rọ̀ gidi ni, egbò tí ẹrẹ̀ ń wọ̀ lójoojúmọ́ kò ṣe é jinná.

Ọlọ́kadà kan ló rí ọmọ náà lọ́nà Tápà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ó ń ti kẹ̀kẹ́ kan tí táyà iwájú rẹ̀ ti jò, ó fi í ṣe ọ̀pá ìtilẹ̀. Aṣọ tó wé mọ́ ẹsẹ̀ náà ti gan mọ́ ọn lára, òórùn rẹ̀ sì ń ṣáájú rẹ̀. Lébìrà tí ara rẹ̀ ò yá, ìnáwó ló jẹ́ fún ọ̀gá, nítorí náà ọ̀gá rẹ̀ fún un ní kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kí àkókò tó pé, ó ní kó máa lọ sílé. Ọlọ́kadà béèrè ibi tó ń lọ. Ó ní Tógò.

Ẹ̀mí rẹ̀ ò bọ́. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn ńlá, dókítà ní ẹsẹ̀ náà ò ṣe é tọ́jú mọ́, wọ́n gé e lókè ọrùn ẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí ìyá rẹ̀, a mọ̀ pé ọmọ náà ò tíì pé ọdún mẹ́rìndínlógún.

Nọ́ọ̀sì pè mí. Kò bú mi. Ó ní, “Àǹtí, ìwé yín wà lọ́wọ́ mi,” ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo kọ́kọ́ sọ, torí ìjẹ́wọ́ ni mo ní mo ń ṣe. Mo ní, “Ṣùgbọ́n mo ṣáà sọ pé tí ẹ bá ń ṣiyèméjì kí ẹ pe wẹ́fíà.” Ó dákẹ́. Ó ní, “Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Mi ò ṣiyèméjì, mà. Ẹ ti dá mi lóhùn.” Mi ò rí nǹkan kan fèsì. Ó sì tún pẹ́ kí n tó lọ bá ọ̀gá mi, nítorí ìròyìn tí mo kọ fún àwọn tó fún wa lówó ti lọ, mo sì ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Igangan kẹ́sẹ járí.

Mi ò fún àwọn èèyàn ní ìwé kankan mọ́ láàárọ̀. Mo máa ń ní kí olúkúlùkù kọ nípa ọmọ kan tó bá wọn gbé nílé rí tí kì í ṣe ọmọ ilé: ẹni tó mú un wá, iṣẹ́ tó ń ṣe, ẹni tó ń gba owó rẹ̀, ibi tó wà báyìí. Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ ka tèmi, pẹ̀lú Raleigh àti rédíò. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo kà á n'Ìbàràpá, àwọn àgbà méjì dìde jáde, ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ò sì jẹ́ kí n kí òun mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Kò burú. Àmọ́ nígbà tí àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í ka tiwọn, ọmọ ọ̀dọ̀ láti Ṣakí, ọmọ ẹ̀gbọ́n tó ń kiri ọjà tí kò lọ ilé ìwé, ìlà tó kẹ́yìn ló máa ń ṣófo lórí ìwé gbogbo wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn la tó ń wọ ohun tí nọ́ọ̀sì lè ṣe. Kì í ṣe ọlọ́pàá, kò sì gbọ́dọ̀ ṣe bí ọlọ́pàá. Tí ó bá ko ọ̀gá lójú, òru ọjọ́ yẹn ni wọ́n á kó gbogbo àwọn ọmọ abà náà lọ síbi tí a ò mọ̀. Kí ó sọ pé inú yàrá ni òun ti gbọ́dọ̀ fọ egbò yìí, aláìsàn nìkan ló sì ń wọlé. Nínú yàrá yẹn, kí ó má béèrè bóyá wọ́n jí i gbé. Ọmọ náà á ní rárá, òótọ́ ló sì sọ. Ibo lo sùn lánàá? Kí lo jẹ? Tó o bá fẹ́ lọ sílé lọ́la, ta lo máa sọ fún? Ta ló ń tọ́jú owó rẹ? Ìdáhùn ìkẹyìn yìí, ẹnu àwọn ọmọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kò lórí rẹ̀: owó wà lọ́wọ́ ọ̀gá, ó di ìparí ọdún. Kí ó kọ ọ́ bí ọmọ ṣe sọ ọ́, kí ọmọ má báa tún un sọ níwájú èèyàn mẹ́wàá. Kí ó má ṣèlérí ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó wá pe wẹ́fíà, tàbí 627 ti NAPTIP. A máa ń kọ nọ́ńbà náà sẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá ìfọgbò, níbi tí ojú ọ̀gá ò ní dé.

Ti ògbufọ̀ ló le jù. Èèyàn á rò pé kí a wá ará ìlú ọmọ náà kó bá wa gbọ́. Ẹ rántí pé lára àwọn tó ń fi àwọn ọmọ fọ́ òkúta l'Abẹ́òkúta, ará Za-Kpota kan náà wà níbẹ̀. Ẹni tó gbọ́ èdè ọmọ lè jẹ́ ìbátan ẹni tó kó o wá. Látorí fóònù la ti ń wá ògbufọ̀ báyìí, ẹni tó jìnnà, tí kò mọ orúkọ abà.

Àwọn àgbẹ̀ bínú sí wa, ọ̀rọ̀ wọn sì wọ̀ mí lára ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Ọ̀kan ní, “Àwọn ọmọ tiwa ti lọ gun ọ̀kadà l'Ékòó. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ lù wá, èmi gan-an ò lè sùn lóko mọ́. Tẹ́ ẹ bá kó àwọn wọ̀nyí lọ, ṣé ẹ̀yin lẹ máa kọ ebè?” Mi ò ní èsì tó pé. Mo sọ fún un pé kí ó gba ẹni tó ti dàgbà, kí ó san owó lé e lọ́wọ́ fúnra rẹ̀ lóṣooṣù, kí ó má san án fún ẹni tó mú un wá. Ó ní owó dà? Ẹ wò ó, kíkó ọmọ padà nìkan ò yanjú ẹ̀: ọdún mélòó kan lẹ́yìn ti 2003, àwọn ọmọ Za-Kpota tún wà nídìí òkúta l'Abẹ́òkúta. Ọmọ tó padà sílé lọ́wọ́ òfo, ìtìjú ló máa tún lé e jáde. Ní tèmi, ẹni tó gba ọmọ sílẹ̀ tí kò gba owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe.

Ọmọ Atakpamé ti wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ọjọ́ tó ń lọ, ó ní òun ò ní wọ ọkọ̀ láìsí kẹ̀kẹ́ òun. Awakọ̀ ní kí ló fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ ṣe. Wọ́n jọ jiyàn títí, wọ́n so ó sórí bọ́ọ̀sì. Mo bá a sọ gbólóhùn méjì, mo tọrọ àforíjì. Ó bi mí bóyá èmi ni ìyàwó ọ̀gá òun.

Èmi àti nọ́ọ̀sì náà la jọ ń kọ́ni báyìí. Òun ló ń kọ́ ti yàrá ìfọgbò, kò sì fẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nígbà tí ó bá ń ṣe é. Ohun tí a kò tíì rí ojútùú rẹ̀ ni ibi tí ọmọ máa sùn láàárín ìgbà tí a pe wẹ́fíà àti ìgbà tí ọkọ̀ bá dé, torí pé nígbà míì ọjọ́ méjì lọ̀rọ̀ yẹn ń gbà. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì yọ̀ǹda yàrá kan, a ń ra ìrẹsì àti ọṣẹ síbẹ̀ látinú àpò ara wa. Lóṣù tó kọjá nọ́ọ̀sì pè mí lálẹ́. Ọmọ mẹ́ta ló wà ní yàrá náà, ọ̀kan ń gbóná, ọ̀gá wọn sì ti ń béèrè kiri ìlú. Ó ní kí n bá òun wá ẹni tó gbọ́ èdè Kabiyè kí ilẹ̀ tó mọ́, kó má sì jẹ́ ará Igangan.